Onígèlè, Ọkọ̀ Tí Bàbá Wa Tún Dá

Inú ń bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá ń wá ìtàn aládùn lè yára pa ìwé dé. Ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n máa ń sọ pé bí mo bá wọ kíláàsì, aláǹgbá ara ògiri gan-an á dúró jẹ́ẹ́. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìbínú tí mò ń wí yìí yàtọ̀ sí ti kíláàsì. Mò ń bá a sùn, mo sì ń bá a jí, mo ti wá rí i pé kò ní kúrò lára mi àfi tí mo bá sọ ọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹlòmíràn á ní kí ló tó nǹkan nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí obìnrin tó ti ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n fi máa gbé e karí báyìí. Kí onítọ̀hún ní sùúrù fún mi.

Oníṣòwò obì ni bàbá wa ní Ṣàgámù, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Gbàǹja ni wọ́n ń tà. Wọ́n á lọ sí àwọn oko tó yí Ipara ká, wọ́n á ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á gbé e wálé fún ìyá wa àti àwọn obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n sì ń dì í sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé gbòdògì. Láti ilé wa, ó di Sábó, níbi tí àwọn Hausa ti ń rà á, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbé e lọ sí Òkè Ọya.

Ẹni tí kò bá bá obì gbé kò lè mọ̀ pé obì kì í dúró de ènìyàn. Bí ooru bá mú un pa mọ́ inú agbọ̀n, á làágùn, á dúdú, kòkòrò á sì wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ Òkè Ọya bá ti lọ kí tìrẹ tó dé Sábó, o di ẹni tó ń gbé agbọ̀n padà wálé bí ẹni gbé òkú. Ọkọ̀ àyágbé ni bàbá wa ń lò nígbà náà, àwọn awakọ̀ yẹn á sì dúró jẹun lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró gba èrò, wọ́n á dúró bá obìnrin ṣàwàdà. Lọ́pọ̀ ìgbà ni bàbá wa ń dé Sábó tí ilẹ̀ ti pa rọ́rọ́. Ìyá wa sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn rí bàbá wa tí wọ́n sunkún, ọjọ́ tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ da obì agbọ̀n kan sí ààtàn ni.

Ní àgbàlá agbaṣẹ́ṣe àtijọ́ kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ni bàbá wa ti rí ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan. Ó gùn gbọọrọ, ó ní ìyẹ́ méjì lẹ́yìn bíi ti ẹja, irin dídán sì yí i ká láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹnjìnì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá wa rà á bẹ́ẹ̀, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn katakata, wọ́n sì wọ́ ọ gba àárín ìgboro wá sílé lójú gbogbo ayé. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní Alájì ra ilé adìyẹ, wọ́n sì ń béèrè bóyá ẹyin wà níbẹ̀ fún títà.

Mẹkáníìkì kan wà tí òun àti bàbá wa jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà. Òun ló sọ fún wọn pé ẹnjìnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí ní gbogbo Rẹ́mọ. Bàbá wa ní kí ló kan ẹnjìnì pẹ̀lú irú ọkọ̀, ṣebí ẹnjìnì ni ẹnjìnì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dànù lójú ọ̀nà márosẹ̀ nítòsí Simawa, orí rẹ̀ ti fọ́ yángá ṣùgbọ́n ẹnjìnì rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n lọ rà á. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà náà, ó tóbi jù, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò lè dé. Wọ́n bá gé àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí ẹnjìnì yọ síta, wọ́n sì fi irin àgbá epo tí wọ́n tẹ̀ dáadáa ṣe ìbòrí fún un kí òjò má bàa wọ inú ẹ̀. Láti òkèèrè, ó dà bí ìgbà tí obìnrin wé gèlè ńlá lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Bí gbogbo Ṣàgámù ṣe ń pè é ní Onígèlè nìyẹn.

Wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n yọ àga ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ pákó síbẹ̀ fún agbọ̀n obì. Wọ́n fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù sí ẹ̀yìn kí ẹrù má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ga sókè bíi ti àkùkọ tó fẹ́ jà. Bàbá wa fúnra wọn ló fi dírìlì lu àwọn ihò kéékèèké sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì, ní ìlà-ìlà, kí atẹ́gùn máa ráyè fẹ́ sí obì bí ọkọ̀ bá ń sáré. Mo dúró tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹfun sàmì síbi tí ihò kọ̀ọ̀kan máa wà, wọ́n ń fa ìlà rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tí wọn kì í ní fún àwa ọmọ wọn.

Ó sáré, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Àwọn awakọ̀ àyágbé tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn. Ohùn yẹn kò ṣeé ṣàpèjúwe. Tí Onígèlè bá ṣì wà ní ìdí odi ìlú, ìyá wa nínú ilé ti gbọ́ ọ, wọ́n á sì gbé omi ọkà kaná. Kò sí ìgbà tí bàbá wa wọlé tí omi ò tíì hó. Obì wa kò tún bàjẹ́ mọ́. Inú obì yẹn ni wọ́n ti kọ́ ilé, inú rẹ̀ ni wọ́n ti rán wa nílé ìwé, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé, fi dé yunifásítì, tó fi dé òkè òkun, tó sì fi wá di ẹni ńlá ní Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi yẹn ni mò ń bá bínú.

Láti kékeré ni kò ti fẹ́ràn Onígèlè. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí, nítorí mo kéré. Ẹ̀yìn ni òun máa ń wà, láàárín agbọ̀n, tó bá sì dé ilé ìwé, òórùn obì á tẹ̀ lé e wọ kíláàsì. Wọ́n ń pè é ní ọmọ olóbì. Nígbà tó yá, ó ń bẹ bàbá wa kí wọ́n já òun sílẹ̀ ní ìkóríta tó jìnnà, òun á fẹsẹ̀ rìn yòókù. Bàbá wa rò pé ọmọ náà fẹ́ràn eré ìdárayá. Èmi mọ ìdí rẹ̀, mi ò sọ, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni, a sì fẹ́ràn ara wa nígbà náà.

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, Onígèlè dúró sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀ nínú àgbàlá, a fi tàpólìn bò ó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí ẹ̀gbọ́n mi fi dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ní Èkó. Àwọn olówó ni wọ́n. Wọ́n máa ń kó ọkọ̀ ayé àtijọ́ jáde lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á tò ó sójú kan, wọ́n á sì dúró tì í pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ọkọ̀ àtijọ́ kankan. Ìgbà yẹn ló rántí pé bàbá òun ní ọkọ̀.

Ó pè wá jọ, ó ní òun fẹ́ tún ọkọ̀ bàbá ṣe, pé òun nìkan ló máa náwó rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Inú tèmi gan-an dùn jù. Ìyá wa, tí wọn ò sábà dá sí ọ̀rọ̀ mọ́, ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tún gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí àwọn tó lọ bá ẹni tó ni ín. Èmi náà sọ tèmi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i padà. Bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà." Ó ní òun ti gbọ́. Ó tún fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní ọkọ̀ máa dùn-ún wò.

Kí n tó máa lọ, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn ará Amẹ́ríkà àti ọkọ̀ wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìbínú mi ti ta gbòǹgbò. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, tí mo ń wá ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ àtijọ́ níbòmíràn. Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wọn, ṣáájú ogun àgbáyé kejì àti lẹ́yìn rẹ̀, kò lówó tí wọ́n lè fi ra ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ tí àwọn àgbà ti lò gbó ni wọ́n ń rà. Wọ́n á yọ mọ́gáàdì tó bo táyà rẹ̀, wọ́n á gé òrùlé rẹ̀ kó lè kúrú, wọ́n á wá ẹnjìnì ọkọ̀ mìíràn tó lágbára ju tirẹ̀ lọ, wọ́n á rọ́ ọ sínú ẹ̀ bó bá gbà, bí kò bá gbà wọ́n á gé bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrò. Wọ́n á wá gbé e lọ sí ibi tí adágún omi ti gbẹ, tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á máa fi sáré níbẹ̀. Họ́ọ̀tì rọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Nígbà yẹn, ọlọ́pàá ń lé wọn, àwọn àgbà ń pè wọ́n ní ọmọ ìta. Lónìí, inú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń gbé irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Bí wọ́n bá sì ń tún ọ̀kan ṣe, wọ́n á wá àwòrán àtijọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹni tó kọ́kọ́ gé e ti gé e, kí wọ́n lè gé e síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ẹni tó tún un dá ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn.

Mo kà á tán, mo bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá mi. Bàbá wa kò dé Amẹ́ríkà rí. Ọkọ̀ òfuurufú gan-an, Mẹ́kà nìkan ló gbé wọn lọ. Síbẹ̀ ohun tí àwọn ọmọ yẹn ṣe nítorí eré, bàbá wa náà ti ṣe é ní Ṣàgámù nítorí obì.

Ọgbà ìtúnkọ̀ṣe kan nítòsí Simawa ni ẹ̀gbọ́n mi gbé Onígèlè lọ. Mo ń lọ wò ó, ṣùgbọ́n bí mo bá dé, wọ́n á ní ọ̀gá ò sí, wọ́n á ní inú ọgbà ẹ̀yìn ló wà, wọ́n ń fi yanrìn bó ọ̀dà rẹ̀, kò dára fún ojú. Mo gbà wọ́n gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a tètè parí iṣẹ́ ní ilé ìwé, mo gbé ọkọ̀ lọ láì sọ fún ẹnì kankan, mo sì wọlé tààrà.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo kọ́kọ́ rí. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí gèlè lórí rẹ̀. Mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ihò ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ti jó irin dí, wọ́n sì fi fílà, àtè tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ń dí ojú irin, tẹ́ ẹ, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Sípíríǹgì akẹ́rù ti lọ. Àga aláwọ funfun wà níbi tí pákó obì wà. Nínú àpótí ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnjìnì kan tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi rà láti Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣì fi ọ̀rá wé e.

Mo bi ọ̀gá ibẹ̀ pé ta ló ní kó dí ihò. Ó ní ọ̀gá Èkó ni. Ó ní òun bi wọ́n nípa ihò yẹn nítorí ó tò lọ́nà tí ihò tí ọkọ̀ bá fi dógùn-ún kì í fi í tò, wọ́n sì ní ó dógùn-ún ni, kí òun dí i. N kò lè bá ọkùnrin yẹn jà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Mo béèrè ẹnjìnì bàbá wa. Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn náà wo ilẹ̀. Ó ní àwọn onírin àlòkù ti rà á. Gbogbo ará Ṣàgámù ló mọ ibi tí irin tí àwọn onírin bá kó ń lọ, èéfín àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin kò jẹ́ ká gbàgbé. Mo jókòó sórí táyà kan, mo sì sunkún níwájú àwọn ọmọkùnrin tí mo lè bí.

Ẹ̀gbọ́n mi parọ́. Ó mọ ihò yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn ló jókòó sí ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, inú rẹ̀ ló ti ń yọjú wo ọ̀nà.

Mo pè é lórí fóònù láti ibẹ̀. N kò kí i. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé oríjínà ni àwọn ẹgbẹ́ òun ń fẹ́, pé ọkọ̀ tí kò bá rí bó ṣe rí nígbà tó ti ilé iṣẹ́ jáde kò ní iyì lójú wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé jákujàku lọ sáàárín àwọn èèyàn gidi. Mo rántí pálọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri ibẹ̀, ó fi gíláàsì bò ó, iná tó tàn yòò sì ń bọ̀ sórí rẹ̀ láti òkè. Họ́ọ̀tì rọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni. Ẹnjìnì rẹ̀ yọ sókè láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí rẹ̀ ga sókè. Ó máa ń mú àlejò lọ síwájú rẹ̀, á ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́.

Mo ní, "Ohun tó wà lára ògiri yín nílé ni Bàbá ṣe. Kí ló dé tó fi jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nígbà tí òyìnbó ṣe é, tó wá di jákujàku nígbà tí bàbá yín ṣe é?"

Ó wá ní, "Ìyẹn yàtọ̀."

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo sọ ohun tí àbúrò kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n. Mo ní ojú ń tì í pé obì ló bí i. Mo ní kò sí ọ̀dà tó lè bo òórùn yẹn lára rẹ̀. N kò kábàámọ̀ ọ̀kankan nínú ẹ̀. Ká ní n óò tún un sọ lónìí, màá fi kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa ti mọ ohun tó kàn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹjọ́ sùn, àbúrò bàbá wa tó kù láyé sì pe ìpàdé lẹ́yìn ìrun alásárì. Gbogbo ẹbí jókòó. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi jọ láti ilé, mo kó àwòrán Onígèlè àtijọ́ dání, mo rò pé wọ́n á bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: ṣé lóòótọ́ ni mo pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n. Wọn ò jẹ́ kí n kọjá "ṣùgbọ́n." Wọ́n ní kò sí ṣùgbọ́n láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwọn àgbà tó jẹ obì inú ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó, tí wọ́n fi gbé ìyàwó wọn lọ sí ilé ìwòsàn láti bímọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ibi tí ẹnjìnì rẹ̀ wà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Àbúrò bàbá wa ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tó kéré ló ń bẹ̀bẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ni wọ́n ṣẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Eékún mi ti ń dùn mí láti ọdún tó ti pẹ́, mo sì kúnlẹ̀ sórí táìsì tútù, mo ní ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti tán, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bí ẹni ń ṣàdúrà fún ọmọdé. Wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n pín bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mi ò mu tèmi.

Ìrètí tó kù fún mi ni ìyá wa. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí ọkọ̀ fún ìyá wa, èmi náà ò lè sọ ọ́. Ojú wọn ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì mú. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí wọn ni wọ́n ń béèrè pé ọjọ́ wo ni Onígèlè ń bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ló dé. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ wá sí Ṣàgámù láti fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ hàn wọ́n nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n to ọkọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n gbé ọkọ̀ tiwa sí àárín àgbàlá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìpara, irin ara rẹ̀ ń kọ mọ̀nà. N ò ní purọ́, ó lẹ́wà. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, mo sì ń wò wọ́n bí ẹni pé kí n gbá wọn létí.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde sọ̀rọ̀. Ó ní ọlọ́lá ni bàbá òun, ẹni tó mọ nǹkan dáadáa. Ó ní bàbá òun ló ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọkọ̀ náà wá láti Amẹ́ríkà, tuntun nínú ọ̀rá. Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde lọ sí mọ́sáláṣí, pé kò gbé ẹrù rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo àbúrò bàbá wa, òun náà ń pàtẹ́wọ́.

Wọ́n wá mú ìyá wa jáde. Èmi ni mo di apá ọ̀tún wọn mú, ẹ̀gbọ́n mi di tòsì. Wọ́n ti wọ aṣọ tó dára, wọ́n sì lé tìróò. Ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn iwájú, ó ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ìyá wa kò jókòó. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tẹ́tí.

Wọ́n ní, "Ẹ ṣíná sí i, kí n gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Ẹnjìnì gidi kì í pariwo."

Ìyá wa tún tẹ́tí. Gbogbo àgbàlá dákẹ́, àwa náà sì gbọ́ ọ, ohùn jẹ́jẹ́ kan tó dà bíi ti fáànù. Mo rí i bí ojú wọn ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. N kò rí wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá wa kú. Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn àkọ́bí, wọ́n sì fi ohùn tí kò ga rárá bá a sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ilé wa.

"Éè ṣe ọkọ̀ bàbá ẹ rèé. Ọkọ̀ tó rán ùwẹ lọ ulé ìwé, mo mọ̀ ọ́n. Gbé èyí lọ fún ẹni tó ni ín."

Wọ́n ní kí n mú àwọn padà wọlé. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ń wo bàtà wọn, àbúrò bàbá wa ń wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun. Mo rò pé ó máa tẹ̀ lé wa. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi, mo ṣì rò pé ó máa sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ ohunkóhun, mo sì ti múra láti dárí jì í níbẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó fa aṣọ funfun kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ń nu ibi tí ọwọ́ ìyá wa ti kan ọ̀dà náà.